Ta Ni Yóò Ra Pákó? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí À Ń Gbà Náwó Iṣẹ́ Ìlú ní Etíkun Ìlàjẹ

Ní àwọn ìlú orí omi ní Ìlàjẹ, afárá pákó ni títì. Wọ́n á gbá òpó wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n á gbé igi dábùú wọn, wọ́n á kan pákó lé e lórí láti ojúlé dé ojúlé, láti ojúlé dé ilé ìwé, títí dé èbúté tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Omi iyọ̀ á máa jẹ ìṣó, ọ̀rinrin á máa jẹ igi. Kò ní í pẹ́ tí ìyá tó ru agbọ̀n ẹja yóò fi máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ibi tó ṣì le kó tó tẹ̀ ẹ́. Pákó mẹ́ta péré ló já. Ta ni yóò ra òmíràn?

Bí ìbéèrè yìí ṣe kéré tó, òun náà ni ìbéèrè ilé ìwòsàn, omi mímu, iná mànàmáná àti odi tí yóò dá òkun dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ sílẹ̀ ní 1996, tí wọ́n fi Igbókòdá ṣe olú ìlú rẹ̀, oríṣiríṣi àpò ló ti ṣí sí etíkun náà: ti ìjọba, ti ilé iṣẹ́ epo, ti àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn. Epo etíkun yìí ló sọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó di ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta. Síbẹ̀, ẹnu kò tíì kò lórí àpò tó yẹ kí owó iṣẹ́ ìlú ti jáde, bẹ́ẹ̀ èrò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Bí mo ṣe ń gbé wọn yẹ̀ wò, ohun méjì ni n óò máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: èló ló lè mú wá, àti ta ló lè béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tó ná an? Èkejì ni mo kà sí jù, nítorí pé owó ńlá ti wọ etíkun yìí rí tí pákó ṣì ń já.

Ká dá a láàárín ara wa

Èyí ló dàgbà jù. Ìgbìmọ̀ ìlú á pàdé, wọ́n á bu iye kan lé ọkùnrin tó ti tó ọkùnrin, wọ́n á bu iye mìíràn lé ẹgbẹ́ obìnrin. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ á fi ọ̀wẹ̀ dí i: á bá wọn gbá òpó, á fi ọkọ̀ rẹ̀ kó igi láti Igbókòdá. Àwọn tó fara mọ́ ọ̀nà yìí mọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó dáwó mọ káfíńtà tó gbà á. Bí pákó tó rà bá jẹ́ èyí tí kòkòrò ti lu, ojú rẹ̀ ni wọn yóò ti sọ fún un, kò sí fáìlì tí yóò sá pamọ́ sí. Elinor Ostrom, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí irú nǹkan báyìí káàkiri ayé. Ohun tó rí ni pé àwọn tó jọ ń lo odò kan tàbí igbó kan lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́ títí, bó bá jẹ́ àwọn fúnra wọn ló ṣòfin rẹ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, tí ìyà ẹni tó rúfin sì ń ti orí kékeré bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ àpò yìí kò jìn. Sìmẹ́ǹtì, òkúta àti irin gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé ìlú, owó ọkọ̀ á sì gun orí owó ọjà. Owó tí yóò kọ́ yàrá kan tán lókè ní Òkìtìpupa lè má gbé e dé ojú fèrèsé létí òkun. Owó apẹja náà kì í wọlé bí owó oṣù. Bí ẹja bá ṣí, àwọn ọkùnrin á ṣí tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọ̀n wọn, oṣù á sì gorí oṣù kí wọ́n tó tún fojú kan ilé. Wọn kì í sí nílé lọ́jọ́ tí ìlú bá bu owó.

Ibi tí mo rò pé ọ̀nà yìí ti ń kọsẹ̀ jù ni bíbu iye kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì kò ní í mọ̀ pé òun dáwó. Opó tó ń yan ẹja sáwá lórí àgbá, owó igi ìdáná rẹ̀ ni wọ́n gbà yẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le ní sísọ: kí a wo agbára ènìyàn kí a tó bu owó fún un. Ó le ní ṣíṣe, nítorí ẹni tó lágbára ló sábà ń jókòó níbi tí a ti ń bu ú.

Àpò kan fún gbogbo ilé

Kò sí ìlú tí mo mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá tó dán èrò yìí wò jinlẹ̀ bíi ti Ayétòrò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1947 ni àwọn kan tó ya kúrò lára ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú náà dó sí etí òkun. Nígbà náà, wọn kì í gba owó iṣẹ́, wọn kì í ná ọjà fún àpò ara wọn. Ẹja tí apẹja pa, aṣọ tí ahunṣọ hun, ọkọ̀ tí káfíńtà kàn, inú àpò ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Àpò náà ló ń bọ́ wọn, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tó ń kọ́lé fún wọn. Láìpẹ́ wọ́n ti ń tan iná mànàmáná tiwọn, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, wọ́n ní ilé búrẹ́dì, wọ́n ń ṣe bàtà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lókè ṣì ń tan fìtílà.

Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, gbé láàárín wọn, ó sì kọ ìwé méjì nípa wọn, *Two Villages on Stilts* ní 1974 àti *The Rise and Fall of an African Utopia* ní 1977. Ó fi ìlú náà wé ìlú mìíràn nítòsí tí ìgbàgbọ́ wọn jọra ṣùgbọ́n tí kálukú ibẹ̀ ń dá tirẹ̀ ṣe. Ohun tó fà yọ ni pé ìgbàgbọ́ nìkan kò tó láti sọ ìdí tí ọ̀kan fi là ju èkejì lọ. Àpò kan tí wọ́n jọ ní ló ṣiṣẹ́ náà.

Agbára èrò yìí hàn kedere. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń lé kiri nítorí gbèsè owó ìlú, èrè ọdún yìí á sì di ẹ̀rọ ọdún tó ń bọ̀. Àìlera rẹ̀ hàn bákan náà. Lápá ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n gba kálukú láyè láti máa ṣòwò tirẹ̀, àpò ìlú kò sì rí bákan náà mọ́. Ọba ìlú náà, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo, ni olórí ìjọ pẹ̀lú. Ó ṣòro fún ènìyàn láti ní kí ẹni tó ń ṣe aṣáájú ẹ̀mí rẹ̀ wá ka owó fún òun. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni òkun. Ilé ti lọ, títì ti lọ, àwọn ibi iṣẹ́ tí wọ́n fi òógùn wọn kọ́ wà lábẹ́ omi. Ìlú tó mọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó báyìí ni òkun ń jẹ, a ò sì lè ní àìṣọ̀kan ló fà á.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odò

Ìlàjẹ wà ní Mákòkó, wọ́n wà ní Bàríga àti Ajégúnlẹ̀, wọ́n wà ní etíkun títí dé Kamẹrúùnù. Àwọn kan ní kí ìlú máa pe ọmọ rẹ̀ wálé lọ́dọọdún kó sì gbé àwo ìkówójọ kalẹ̀, bí àwọn ará Oǹdó ṣe ń ṣe níbi ọdún Èkìmọ̀gún. Ẹni kan ṣoṣo lè fi owó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà tó ju ohun tí gbogbo àdúgbò dá lọ. Àmọ́ owó tí a kéde níwájú èrò máa ń wá ibi tí orúkọ lè hàn sí: gbọ̀ngàn, ẹnu ọ̀nà ìlú, òrùlé ìjọ. N kò tíì rí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sára ìṣó. Ẹni tó wà l'Ékòó sì lè yan iṣẹ́ tó wù ú láìmọ̀ pé afárá ilé ìwé ti ya. Pẹ̀lú èyí náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ilẹ̀ wa ni kò bá má sí láìsí irú owó bẹ́ẹ̀.

Owó epo

Níbí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù, a ò sì lè sọ ọ́ láì bẹ̀rẹ̀ láti 1998. Ní 25 oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ ọkọ̀ lọ sórí pèpéle epo Parabe ti Chevron lójú òkun. Iṣẹ́, owó ìtanràn fún odò àti ilẹ̀ tó bàjẹ́, àti ìdàgbàsókè fún ìlú wọn ni wọ́n ń béèrè. Ní 28 oṣù náà, hẹlikópítà gbé àwọn agbófinró débẹ̀, ìbọn dún, ọ̀dọ́ méjì kú. Ẹjọ́ tí wọ́n pè lé e lórí, Bowoto pẹ̀lú Chevron, dé ilé ẹjọ́ San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá 2008 àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní ilé iṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ parí. Ìbéèrè tó gbé àwọn ọmọ náà gun orí irin, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń wa epo jẹ àwọn tó ń gbé etí rẹ̀, kò parí, gbogbo àdéhùn tó tẹ̀ lé e ló sì ń gbìyànjú láti dá a lóhùn.

Tẹ́lẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ìlú tó pariwo rí kíláàsì méjì gbà. Èyí tó dákẹ́ wà bẹ́ẹ̀. Ní 2005 Chevron yí i padà sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní GMoU: wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìlú jọ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan, tiwa ń jẹ́ Ilaje Regional Development Committee, ilé iṣẹ́ ń gbé owó kalẹ̀, àwọn ìlú ń yan iṣẹ́. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ń yan bàtà. Àwọn tó takò ó ní ìgbìmọ̀ náà jìnnà sí abúlé kéékèèké, pé jíjókòó sínú rẹ̀ ti di oúnjẹ fún ara rẹ̀, àti pé àdéhùn lásán ni, kì í ṣe òfin.

Òfin dé ní oṣù Kẹjọ 2021. Òfin epo rọ̀bì tuntun, PIA, pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ epo kọ̀ọ̀kan dá Host Community Development Trust sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó gbà á lálejò, kó sì máa san ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá sínú rẹ̀. Àwọn ìlú olépo béèrè ìdá 10. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí 5, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí 3, tàwọn àgbà ló sì borí. Nínú owó náà, ìdá 75 wà fún iṣẹ́ ìlú, ìdá 20 wà fún ìpamọ́ de ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kò bá sanwó mọ́, ìdá 5 fún ìṣàkóso.

Ohun tó dára níbẹ̀ kò kéré. Ìlú lè mú ìwé òfin jáde báyìí, kò di dandan kó gun orí pèpéle. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ìlú ń fẹ́ kí wọ́n tó náwó. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ìṣàkóso. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń sanwó náà ni òfin fún lágbára láti yan àwọn alábòójútó àgbà, lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ ìlú. Fífọ̀rọ̀ lọ ènìyàn àti gbígba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdá 3 yẹn, lára ìnáwó ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe lára epo tó tà, nítorí náà ọdún tí ilé iṣẹ́ bá dín ìnáwó kù, ti ìlú náà á dín kù.

Èyí tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ ni apá tó sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ba dúkìá ilé iṣẹ́ jẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ yóò kúrò nínú ti ìlú. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ní yóò sọ gbogbo ènìyàn di ọdẹ. Ẹni tó kórìíra rẹ̀ á béèrè bí abúlé tó ní ọkọ̀ pákó mẹ́fà yóò ṣe ṣọ́ páìpù lójú òkun lóru, tí yóò sì fi ilé ìwé ọmọ rẹ̀ san gbèsè olè tí kò mọ̀ rí. Lójú tèmi, àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwọn ti àkọ́kọ́ ń bẹ̀rù kì í ṣe irọ́.

Owó ìjọba

Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí rárá. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe oore: epo ti jáde, kí ìjọba kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ó kéré tán ìdá 13 nínú owó àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tó ti wá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì fi òfin dá àjọ OSOPADEC sílẹ̀ ní 2001 kí ìdá 40 nínú owó yẹn lè wá sí agbègbè tí epo ti ń jáde, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. NDDC ti wà láti 2000. Àpò yìí nìkan ló jìn tó fún odi etíkun, fún afárá ńlá àti iná mànàmáná. Ìdáwó ìlú kankan kò lè dé ibẹ̀.

Ayétòrò náà ni a ó tún fi wọn èrò yìí wò. Ní 2004 NDDC gbé iṣẹ́ odi etíkun ìlú náà síta ní iye tó lé ní bílíọ̀nù 6 náírà. Wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìgbà náà. Odi kò dúró, òkun ló ń wọlé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣàyẹ̀wò ìwé àjọ náà, àbájáde tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ní 2021 sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ 13,777 káàkiri agbègbè náà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ mẹ́hẹ. Ará ìlú tó dúró létí omi kò mọ ọ́fíìsì tí yóò kàn láti bi ẹnikẹ́ni. Ìdí tí ìdáwó ìlú, bó ṣe kéré tó, fi dára ju èyí lọ nìyẹn.

Ìrètí àwọn kan wà lórí ìdájọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 11 oṣù Keje 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, Igbókòdá ni àwọn ará ìlú yóò máa wọ ọkọ̀ lọ láti béèrè. Igbókòdá sún mọ́ni ju Àkúrẹ́ àti Àbújá lọ.

Ká pín in fún kálukú

Àwọn tí ìgbìmọ̀ ti sú ní kí wọ́n pín owó náà lórí-lórí. Alaska ní Amẹ́ríkà dá àpò ìfowópamọ́ sílẹ̀ lára owó epo rẹ̀ ní 1976, ó sì ti ń san tirẹ̀ fún olùgbé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún láti 1982. Kò sí alárinà níbẹ̀, opó àti olówó ń gba iye kan náà. Ṣùgbọ́n Alaska ń fi owó mìíràn ṣe títì àti ilé ìwé. Èlé owó tó ti tò pa mọ́ ló ń pín. Níbi tí afárá kò tíì sí, owó tí a pín tán kì í tún kóra jọ di afárá. Ta ni wọn yóò sì kà sí ará ìlú: apẹja tó lọ lóṣù mẹ́jọ, tàbí àlejò tó dé lóṣù mẹ́jọ?

Kí ìlú mú díẹ̀ wá, kí ẹlòmíràn fi kún un

Ètò CSDP, ètò ìdàgbàsókè àwùjọ tí Báǹkì Àgbáyé fowó tì lẹ́yìn nígbà kan, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ṣe é, gba ọ̀nà àárín. Ìlú á yan iṣẹ́, á yan ìgbìmọ̀ tirẹ̀, á mú ìdá 10 nínú owó rẹ̀ wá, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ iyanrìn tàbí òógùn ojú. Ètò náà á san ìyókù. Ìdá kékeré yẹn fún ará ìlú lẹ́nu láti béèrè ìṣirò owó ńlá, ìdí sì nìyí tí mo fi gbà pé ó sún mọ́ ohun tí a ń wá ju ti àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀ ìlú tó tòṣì jù ni ìdá 10 ń há sí lọ́fun, ìlú tó mọ̀wé kọ ló sì ń tètè rí owó gbà.

Porto Alegre ní Brazil lọ jìnnà sí i ní 1989: ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ lọ́dọọdún láti dìbò lórí ibi tí apá kan owó ìlú yóò lọ, títí kan àdúgbò tálákà tí kò ní gọ́tà. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá a sílẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdìbò 2004, agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìfẹ́ inú ẹni tó wà lórí àléfà ló gbé e ró.

Ohun tí kò tíì lójú

Àkọ́kọ́ ni ta ló ń gba epo lálejò nígbà tí kànga epo wà lójú òkun. Òfin ní àwọn ìlú etíkun ni, àti èyí tí ilé iṣẹ́ bá tún kà mọ́ wọn. Báwo ni yóò ṣe jìnnà sí omi tó kí ìlú má jẹ́ ìlú etíkun mọ́? Ugbò àti Máhin, tí àwọn méjèèjì jẹ́ Ìlàjẹ, àti àwọn tó pààlà pẹ̀lú wọn lè má dá a lóhùn bákan náà. Ìjà Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ Àrógbò tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1998 sì ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ààlà lè gba ẹ̀mí lágbègbè yìí.

Èkejì ni àga àwọn obìnrin. Àwọn ló ń yan ẹja, àwọn ló ń tà á, àwọn ni ẹsẹ̀ wọn ń wà lórí afárá jù. Bóyá kí òfin ya iye àga kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ìgbìmọ̀, tàbí kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà wọn ní àpò tirẹ̀, ẹnu kò tíì kò lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ni àtúnṣe. Gbogbo àpò tí mo kà sílẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n kọ́. Ta ni yóò máa pààrọ̀ pákó lọ́dún kẹta, nígbà tí àwọn tó wá ṣí i ti padà lọ? Ṣé ìdáwó ìlú ni kó dúró fún èyí, kí owó epo àti ti ìjọba dúró fún kíkọ́? Èrò yìí wù mí, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ará ìlú ni yóò máa gbé ẹrù tí kò lópin, tí ilé iṣẹ́ yóò gbé èyí tó ní ọjọ́ ìparí.

Ìkẹrin ló sì le jù. Bí òkun bá ń bọ̀, ṣé kí a kọ́ ilé ìwòsàn síbi tí ìlú wà lónìí, tàbí síbi tí yóò wà lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i? Bí ìlú bá ṣí, ṣé ìdá 75 ti iṣẹ́ ìlú ni yóò sanwó ìṣípò ni, tàbí ìdá 20 tí wọ́n fi pa mọ́, àbí ìjọba tó yẹ kó ti kọ́ odi láti 2004? Àwọn tó fẹ́ dúró àti àwọn tó fẹ́ ṣí ń jókòó nínú ìpàdé kan náà, wọ́n sì ń dá owó kan náà.